Gàárì fún Arúgbó Ẹṣin tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Ti Tẹ̀

Bí ẹ̀yìn ẹṣin bá ti tẹ̀ wálẹ̀ láàárín, tí òkè èjìká rẹ̀ yọ gogoro, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á fi aṣọ mìíràn kún aṣọ abẹ́ gàárì. Bí ẹṣin náà bá ṣì ń ṣe bí ẹni tí nǹkan ń dùn, wọ́n á tún wá fóòmù kún un. Wọ́n rò pé ohun tó bá ti rọ̀ kò lè pa ẹranko lára. Ṣùgbọ́n bí gàárì bá ti há tẹ́lẹ̀, gbogbo ohun tí a bá tì bọ abẹ́ rẹ̀ yóò tún mú un há sí i ni. Bí kò bá sì há, tó jẹ́ pé àárín rẹ̀ ni kò kan ara ẹṣin, aṣọ tó nípọn bákan náà láti iwájú dé ìdí yóò gbé iwájú àti ìdí gàárì ga, àárín yóò sì ṣófo bó ṣe wà. Ohun tí ẹ̀yìn tó tẹ̀ ń fẹ́ ni gàárì tí abẹ́ rẹ̀ náà tẹ̀ bí òun ṣe tẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Láti ìsàlẹ̀ ọrùn wá, ẹṣin ní egungun ọ̀pá ẹ̀yìn 18 tí ìhà so mọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, egungun 6 mìíràn wà nínú ọ̀pọ̀ ẹṣin tó lọ dé ìbàdí. Àwọn yẹn kò ní ìhà tó gbé wọn ró, kò sì yẹ kí ẹrù gun orí wọn rárá. Iṣan líle kan gba orí gbogbo egungun yìí kọjá láti ọrùn dé ìbàdí. Ẹran ara wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹran ikùn sì ń gbé gbogbo rẹ̀ ró láti ìsàlẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iṣan yẹn á máa dẹ̀, ẹran ẹ̀yìn á máa joro, ikùn pẹ̀lú kò ní lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Abo ẹṣin tó ti bímọ púpọ̀ sábà máa ń ní in, nítorí oyún ti fa ikùn rẹ̀ wálẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹṣin tí wọ́n bí ní ẹlẹ́yìn gígùn náà sún mọ́ ọn ju ẹlẹ́yìn kúkúrú lọ. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nìkan: láàárín irú ẹṣin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní American Saddlebred, ẹ̀yìn ọmọdé ẹṣin pàápàá lè tẹ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Kentucky tẹ ìwádìí jáde tó so ó mọ́ ohun kan tí wọ́n ń jogún, lórí krómósóòmù 20.

Ẹ̀yìn tó tẹ̀ kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Ẹṣin tó ti lé ní ogún ọdún lè ní ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, kó máa jẹun, kó máa rìn, kí nǹkan kan má sì dùn ún, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé gàárì tí kò bá a mu lé e.

Inú gàárì ni igi wà. Ó lè jẹ́ igi gidi, ó sì lè jẹ́ irin tàbí ike líle, orúkọ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe é. Igi yìí ló ń gba ìwúwo ẹni tó jókòó, tó sì ń pín in káàkiri ẹ̀yìn ẹṣin. Kì í yí ìrísí rẹ̀ padà. Bí igi tó gún bá dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn tó jìn, iwájú rẹ̀ yóò kan ara lẹ́yìn èjìká, ìdí rẹ̀ yóò kan ara nítòsí ìbàdí, kò sì ní sí ohun tó kan ara láàárín. Àwọn aṣe-gàárì ní gàárì bẹ́ẹ̀ ti ṣe afárá. Ẹ wá ro ó wò: ẹni tó wọn kílò 70 jókòó sórí rẹ̀, ibi mẹ́rin péré ni gbogbo ìwúwo yẹn gbà wọ ara ẹṣin, méjì níwájú, méjì ní ìdí. Ẹ̀jẹ̀ kò ní rìn dáadáa nínú awọ níbẹ̀. Ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò tún joro sí i, irun tó bá sì hù síbẹ̀ lẹ́yìn náà lè jẹ́ funfun títí ayé. Ti iwájú ló burú jù, nítorí ẹran tó máa ń wà lẹ́yìn egungun pẹlẹbẹ èjìká wà lára ohun tí arúgbó ẹṣin kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Kòtò kan á wà níbẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, orí igi gàárì á sì wọ inú rẹ̀ lọ. Kí ẹṣin lè bọ́ lọ́wọ́ ohun tó ń gún un, á rẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, á gbé ọrùn sókè, ẹ̀yìn náà á sì túbọ̀ máa tẹ̀.

Ohun kan wà tó ń tan ènìyàn jẹ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo gàárì ilẹ̀ Hausa tí à ń rí ní Ìlọrin, tàbí lórí ẹṣin àwọn ìdílé balógun ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde: iwájú rẹ̀ dìde, ìdí rẹ̀ dìde, ẹni tó jókòó wọ̀ sáàárín. Ẹni tó bá ń wò ó látòkèèrè á ní, èyí ló bá ẹṣin ẹlẹ́yìn títẹ̀ mu wẹ́kú. Ìjókòó ló ń wò, kò tíì wo abẹ́. Gàárì tí ìjókòó rẹ̀ jìn lè ní abẹ́ tó gún bí ọ̀pá, ìjókòó tó tẹ́jú náà sì lè ní abẹ́ tó yọ ikùn. Bí ẹ bá fẹ́ ra gàárì, tàbí kí ẹ yá a, ẹ dojú rẹ̀ dé ilẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó.

Kí gàárì tó kàn, dókítà ẹran ló kọ́kọ́ kàn. Kí ó wo eyín, nítorí ẹṣin tí kò lè jẹun dáadáa kò lè ní ẹran lẹ́yìn. Kí ó yẹ ẹ̀yìn wò bóyá àwọn egungun ti ń ha ara wọn. Bí irun ẹṣin náà bá gùn tó sì kì ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò tètè wọ̀, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àìsàn Cushing, tó wọ́pọ̀ lára arúgbó ẹṣin, tó sì máa ń jẹ ẹran ara lọ. Gàárì kankan kò lè tún ìyẹn ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn ẹ̀yìn. Ẹ mú ẹṣin dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kí orí rẹ̀ má yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó máa jẹ koríko nílẹ̀ nígbà náà, torí bí orí bá ti wálẹ̀, ẹ̀yìn yóò gbéra sókè, ìwọ̀n yín á sì parọ́. Ẹ wá wáyà tó máa dúró bí ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́, tàbí rúlà rọ́bà tí àwọn tó ń ya àwòrán ilé ń lò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìbú, ní nǹkan bí ìka mẹ́ta sí ẹ̀yìn egungun èjìká. Ẹ rọra gbé e sórí páálí, kí ẹ fi bírò tọ ipa rẹ̀. Ẹ tún ṣe irú rẹ̀ níbi tí ẹ̀yìn ti jìn jù, kí ẹ sì ṣe é ní ibi tí ìhà ìkẹyìn wà. Láti mọ ibi tí ìhà ìkẹyìn wà, ẹ fi ìka wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, ẹ tọ̀ ọ́ gòkè títí ẹ ó fi dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Gàárì kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀.

Ìwọ̀n kẹrin ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù fún ẹṣin tí à ń sọ yìí. Ẹ tẹ́ wáyà ní òòró, kó jìnnà sí ọ̀pá ẹ̀yìn ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, láti ẹ̀yìn èjìká títí dé ìhà ìkẹyìn. Ẹ yà á sórí páálí, ẹ gé e, kí ẹ sì gbé apá tó dúró fún ẹ̀yìn ẹṣin sí abẹ́ gàárì níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba àárín wọn kọjá, afárá nìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ sára páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tọ́jú wọn, torí ẹ̀yìn arúgbó ẹṣin kì í dúró sójú kan. Ó máa ń yí padà bí koríko bá ṣe pọ̀ tó nígbà òjò àti bó bá ṣe wọ́n tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìgbà yìí ni kí ẹ wá gbé gàárì lé ẹṣin gan-an, láìfi aṣọ kankan sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e síwájú díẹ̀, kí ẹ fà á sẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn èjìká. Ẹ má di ọ̀já ikùn. Ẹ wò ó láti iwájú: ìka méjì sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ lè wọ àárín òkè èjìká àti irin iwájú gàárì, kí àlàfo náà sì ṣì wà nígbà tí ènìyàn bá jókòó. Ẹ wò ó láti ẹ̀yìn: ojú ọ̀nà tó wà láàárín tìmùtìmù méjèèjì abẹ́ gàárì gbọ́dọ̀ gba ìka mẹ́ta sí mẹ́rin láti iwájú dé ìdí, kí ohunkóhun má kan ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tó sábà máa ń yọ síta lára arúgbó. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ọwọ́ yín bọ abẹ́ tìmùtìmù láti iwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ kan ara ẹṣin, ẹ wọ́ ọ lọ sẹ́yìn. Lórí ẹ̀yìn tó tẹ̀, ọwọ́ á há níwájú, á ṣàdédé bọ́ sínú òfìfo, á tún há ní ìdí. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan kò tún nílò àlàyé.

Irú gàárì wo ni kí ènìyàn wá kiri, nígbà náà? Nínú àwọn gàárì awọ tí wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn àti lórí pápá pólò, ẹ wá èyí tí igi rẹ̀ tẹ̀ láti iwájú dé ìdí, tó sì jẹ́ pé irun àgùntàn ni wọ́n fi kún tìmùtìmù rẹ̀. Irun àgùntàn ṣeé tú, ó ṣeé fi kún. Oníṣẹ́ awọ tó mọṣẹ́ lè dín ti iwájú àti ti ìdí kù, kó sì mú àárín yọ. Èyí tí wọ́n fi fóòmù ṣe, bó ṣe wá láti ilé iṣẹ́ náà ni yóò ṣe wà. Èmi kò ní ra ti fóòmù fún ẹṣin tó ti dàgbà. Gàárì àwọn darandaran Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ní pákó méjì gígùn lábẹ́. Kí pákó náà tẹ̀ dáadáa, kó má sì gùn jù. Gàárì kúkúrú máa ń ran ẹ̀yìn títẹ̀ lọ́wọ́, nítorí bí igi bá ṣe kúrú tó ni òfìfo tó gbọ́dọ̀ gbà lórí ṣe kéré tó. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ibi tó kan ara náà ti dín kù, ìwúwo kan náà yóò sì tẹ ibi kékeré. Gàárì kúkúrú àti ẹni tó sanra kò jọ rìn.

Ní ti iwájú, kí igi fẹ̀ díẹ̀ ju ìwọ̀n páálí yín lọ. Ó lè dà bí ẹni pé èyí lòdì, nítorí òkè èjìká arúgbó ẹṣin rí tẹ́ẹ́rẹ́, ọjà sì kún fún gàárì tóóró tó dà bíi pé ó bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹran tó ti joro lẹ́yìn èjìká lè padà wá, egungun èjìká náà sì ń rìn sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ẹṣin bá gbé ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ fún un láyè, kí ẹ fi nǹkan rírọ̀ dí àlàfo yẹn fún ìgbà díẹ̀.

Dídí àlàfo ni iṣẹ́ ọgbọ́n. Aṣọ abẹ́ gàárì kan wà tó ní àpò lábẹ́, tí a lè ti ègé nǹkan bọ̀. Ohun tó dára jù láti ti bọ̀ ọ́ ni irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ di aṣọ líle. Ẹ gé e kó nípọn jù ní ọ̀gangan ibi tí ẹ̀yìn ti jìn jù, kí etí rẹ̀ máa fẹ́lẹ́ lọ títí tí ọwọ́ kò fi ní mọ ibi tó parí sí, nítorí etí tó bá dúró gbọnrangandan yóò dá egbò sílẹ̀. Ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kí ọ̀pá ẹ̀yìn má ní nǹkan kan lórí. Ìpele fẹ́lẹ́ kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dí gbogbo òfìfo tí ẹ rí, torí bí ẹṣin bá ń rìn dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń gbéra díẹ̀, ó sì ní láti rí àyè gbéra sí. Bí ẹ bá kún un jù, gàárì á di jangirọ́fà: ẹ tẹ iwájú, ìdí á fò sókè.

Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bá irú ìṣòro yìí jà tipẹ́, nítorí ẹṣin tó sanra nígbà tó jáde ní bárékè á ti rù lójú ogun. Gàárì tí wọ́n mú jáde ní 1912 ní pákó méjì tó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n ti so wọ́n mọ́ irin iwájú àti ti ìdí sì ṣeé yí díẹ̀, kí pákó lè máa tẹ̀lé ẹ̀yìn ẹṣin bó ṣe ń sanra tàbí tó ń rù. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sí, wọ́n sì lè yí bí wọ́n ṣe ká a padà. Inú mi máa ń dùn sí ìyẹn: wọ́n gbà pé ẹ̀yìn ni yóò máa yí padà, gàárì ni kó máa tẹ̀lé e.

Àwọn kan á ní kí a kúkú yọ igi kúrò, kí a lo gàárì aláìnígi. Ó máa ń tẹ̀lé ẹ̀yìn lóòótọ́, kò sì lè ṣe afárá. Ṣùgbọ́n igi ló ń pín ìwúwo. Bí kò bá sí i, ìwúwo á kó jọ sábẹ́ ìdí ẹni tó jókòó àti ibi tí okùn irin ìtẹsẹ̀ ti so. Bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá yọ, gàárì náà á jókòó lé e lórí tààrà, àfi tí aṣọ abẹ́ rẹ̀ bá ní ojú ọ̀nà láàárín. Ọmọdé tàbí ẹni tí kò wúwo lè lò ó fún ìrìn kúkúrú. Gígun ẹṣin láìsí gàárì rárá, tí ọ̀pọ̀ rò pé òun ló tù ú jù, burú ju bí wọ́n ṣe rò lọ: ìwádìí tí Hilary Clayton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé ibi tó gba ìnira jù lára ẹ̀yìn ẹṣin ń gba ìnira ju ti ìgbà tí gàárì wà lọ.

Ìwúwo náà kò ṣeé fojú fò. Ní 2008, àwọn olùwádìí Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio gbé ẹrù lé ẹṣin mẹ́jọ, láti ìdá 15 títí dé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara wọn. Nígbà tó dé ìdá 25 àti 30 ni ìnira hàn: ọkàn wọn ń lù kíkan, ẹran ẹ̀yìn wọn le, ó sì ń dùn wọ́n. Ọ̀pọ̀ ló di ìdá 20 mú gẹ́gẹ́ bí òpin. Fún ẹṣin tó wọn kílò 400, kílò 80 nìyẹn, ẹni tó gùn ún àti gàárì lápapọ̀. Fún arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ìdá 15 ni èmi yóò fi ṣe òpin, ìyẹn kílò 60. Bí gàárì bá wọn kílò 10, ẹni tí kò ju kílò 50 lọ ló kù. Ẹ fi èyí wé ọkùnrin alágbádá lórí gàárì ayẹyẹ tí wọ́n fi irin àti awọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹṣin tó lágbára ni kó gbé ìyẹn lọ sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Kí arúgbó dúró sílé. Ẹni tó bá sì máa gùn ún, kó gun orí àpótí gíga kí ó tó tẹsẹ̀ bọ irin ìtẹsẹ̀, torí fífà tí a ń fa gàárì sósì nígbà tí a bá ń gùn láti ilẹ̀ máa ń lọ́ ẹ̀yìn náà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tò, ẹ tẹ́ aṣọ funfun tó fẹ́lẹ́ sábẹ́ gàárì, kí ẹ rìn fún ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, kí ẹ sáré díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tú gàárì, ẹ wo aṣọ náà. Ó yẹ kí ìdọ̀tí àti òógùn fọ́n ká lọ́tùn-ún àti lósì bákan náà. Bí ẹ bá rí ibi gbígbẹ, ẹ má tètè dájọ́: ibi gbígbẹ lè jẹ́ ibi tí gàárì kò kàn, ó sì lè jẹ́ ibi tó tẹ̀ débi pé òógùn kò lè jáde. Ibi gbígbẹ ńlá láàárín sábà máa ń jẹ́ òfìfo; ibi kékeré tó gbẹ lẹ́yìn èjìká, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tutù, ìnira nìyẹn. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún fi ọwọ́ wo ẹ̀yìn náà bóyá ibì kan wú tàbí ó gbóná. Ẹṣin fúnra rẹ̀ yóò sì ti sọ tirẹ̀: èyí tó rọ etí sẹ́yìn tó sì fẹ́ bu ènìyàn jẹ nígbà tí wọ́n ń fa ọ̀já ikùn kì í ṣe oníwàkiwà.

Ẹ̀yìn tó ti tẹ̀ kò ní padà gún bíi ti ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ṣeé dá padà díẹ̀. Ẹ mú kárọ́ọ̀tì, kí ẹ fi fa imú ẹṣin lọ sí àyà rẹ̀, lẹ́yìn náà sí àárín orúnkún méjèèjì, sí ìsàlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ sì fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ikùn lọ́tùn-ún àti lósì. Kó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó jẹ ẹ́. Olùwádìí kan, Narelle Stubbs, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú eré yìí wò lára ẹṣin mẹ́jọ, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011 pé ẹran kékeré tó di egungun ẹ̀yìn mú nípọn sí i.

Nítorí náà, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ mú wáyà jáde, kí ẹ gé páálí tuntun, kí ẹ sì tò ó lé ti àtijọ́. Bí àlàfo ẹ̀yìn èjìká bá ti kún, ẹ yọ ègé tí ẹ fi dí i. Bí àárín bá ti dín jìnjìn kù, ẹ yọ ìpele kan níbẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá sì tún jìn sí i láàárín oṣù mẹ́ta péré, pẹ̀lú oúnjẹ àti eré kárọ́ọ̀tì, ẹ má wá gàárì mìíràn. Ẹ dá gígùn dúró, kí ẹ pe dókítà padà.